Ta Ni Olùṣọ́ Òru?

Ní ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ní alẹ́ àìsùn kan tí ìjọ wa ṣe ní etí òkun, ní apá ibi tí àwọn igi àgbọn Àgbádárìgì ti tò lọ bí ọmọ ogun tí ọ̀gá wọn kò tíì ní kí wọn ó sinmi, oorun gbé mi lọ kí orin ìyìn tó dé ìdajì, mo sì rìn jìnnà nínú rẹ̀ débi pé nígbà tí aṣíwájú ìsìn fi pàṣán kàn mí léjìká, ìyá mi ni mo rò pé ó ń pè mí kí n wá pọn omi. Ó ní kí n kúnlẹ̀ lórí iyanrìn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ní ẹ̀mí oorun ni ó bà lé mi, pé òun náà ni ó bà lé àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Jésù nínú ọgbà Gẹtisémánì, àti pé bí a kò bá lé e jáde kí àkùkọ tó kọ, yóò sọ mí di ọ̀lẹ níwájú Ọlọ́run àti níwájú ènìyàn. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ń gbàdúrà kíkankíkan. Àtùpà kan ṣoṣo tí ó wà lórí àpótí ń mì lẹ̀lẹ̀ nínú atẹ́gùn òkun. Ohun ìtìjú tí kò tíì kúrò lára mi títí di òní olónìí ni pé lórí ìkúnlẹ̀ yẹn gan-an, láàárín àdúrà tí wọ́n ń gbà lé mi lórí, mo tún sùn.

Nígbà tí mo dé ilé, ìyá ìyá mi, Ègùn pọ́ńbélé ará Ajárá, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ti bá wọn ṣọ́ òru nínú ẹgbẹ́ Zàngbétò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò bá mi wí rárá. Ó tú ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó mú obì àbàtà kan jáde nínú ewé tí ó fi wé e, ó fi èékánná là á, ó fún mi ní awẹ́ kan.

“Jẹ ẹ́. Bàbá rẹ àgbà kì í jáde lóru láìjẹ ẹ́.”

Mo ní, “Ìyá àgbà, wọ́n ní ẹ̀mí èṣù ni ó ń mú mi sùn.”

“Èṣù kọ́, ọmọ mi. Ara ni ó ń béèrè ohun tí í ṣe tirẹ̀.”

Obì náà korò débi pé omi lé ròrò sí mi lójú; ṣùgbọ́n nígbà tí mo bu omi mu lé e lórí, omi àmù kan náà tí mo ti ń mu láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi dùn lẹ́nu mi bí ẹni pé a ta oyin sí i. Ọdún ti gorí ọdún láti ìgbà náà. Mo ti ṣe olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti ń fi àkókò ọwọ́ mi ka ohun tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ń kọ, nítorí pé ó ń ká mi lára láti mọ ẹni tí ó jàre nínú àwọn méjèèjì, aṣíwájú tí ó ní ẹ̀mí ni, àti ìyá àgbà tí ó ní ara ni.

Kí a tó yà sí ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí èdè wa tìkára rẹ̀ wí, nítorí pé èdè a máa pa ọgbọ́n mọ́ fún ni bí àgbà ti í pa owó mọ́ sábẹ́ ẹní. A ní ebi ń pa wá, a ní òùngbẹ ń gbẹ wá, a ní òtútù ń mú wa, a sì ní oorun ń kùn wá. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun náà ni ó ń ṣe iṣẹ́, àwa ni a ń ṣe é sí. Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí yóò sọ pé òun ni òun ń kun oorun. Bí ó bá borí wa tán, a ní ó gbé wa lọ, bí ẹni pé ọkọ̀ ni, tí a kò sì mọ ẹni tí ó ń tù ú. Síbẹ̀ a tún ní ọ̀rọ̀ mìíràn, èyí tí í ṣe sùn, tí ó jẹ́ tiwa: a lè sọ fún ọmọdé pé kí ó lọ sùn, a kò lè sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí oorun kùn ún. Àwọn tí ó dá èdè náà sílẹ̀ ti pín ọ̀ràn yìí sí méjì láìpariwo. Èyí tí ó dé bá ni wà lọ́tọ̀, èyí tí a dáwọ́ lé wà lọ́tọ̀. Aṣíwájú wa ọjọ́ kìíní àná ni ó pa méjèèjì pọ̀, tí ó wá fi pàṣán na èyí tí kò ní etí.

Kí ni ohun tí ó ń dé bá ni náà? Láyé àtijọ́, kí ìjọba òyìnbó tó kó ilé ẹjọ́ àti ọlọ́pàá wá, ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn tí kò sì san án mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ológò yóò yà sí ilé òun. Samuel Johnson sọ nípa àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ológò kì í fi ọ̀kọ̀ gún ènìyàn, kì í sì í dáná sun ilé. Ó kàn ń wọlé jókòó ni. Yóò máa pariwo, yóò máa béèrè oúnjẹ, yóò mú adìẹ onílé pa jẹ, kò sì sí ẹni tí ó lè tì í jáde, títí iṣẹ́ ilé náà yóò fi dúró pátápátá, tí onígbèsè yóò sì jáde lọ wá owó. Èyí ni wọ́n ń pè ní dídógò ti ènìyàn.

Irú ológò bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ rí nínú ọpọlọ, orúkọ tí wọ́n sì fún un ni adenosine. Ọpọlọ kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń ná ni òun nìkan ń ná, nítorí pé ìrántí, ìrònú, orin kíkọ, ìbínú, àti ìfẹ́ aládùúgbò pàápàá, kò sí ọ̀kan tí a ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ń ná sí wọn ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ATP. Bí a bá ti ná owó náà wó wẹ́wẹ́, ohun tí ó kù nílẹ̀ ni adenosine, ó sì ń kóra jọ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì díẹ̀díẹ̀ láti òwúrọ̀ tí a ti jí, bí ìwé gbèsè tí ẹnì kan ń kọ sílẹ̀ tí kò sì gbàgbé kọ́bọ̀ kan. Ó ní láti rí ibi jókòó kí ó tó lè ṣe ohunkóhun. Àga wà fún un lára àwọn sẹ́ẹ̀lì, oríṣi mẹ́rin sì ni: A1, A2A, A2B àti A3. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ jù nínú ọpọlọ. Bí ó bá jókòó sórí A1, sẹ́ẹ̀lì tí ń sọ̀rọ̀ yóò rẹ ohùn sílẹ̀. Bí ó bá jókòó sórí A2A, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mú oorun wá yóò dìde sí iṣẹ́ wọn. Ní 1929 ni Drury àti Szent-Györgyi kọ́kọ́ fi hàn, ní Cambridge, pé ohun yìí a máa mú kí ọkàn-àyà lu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó di 1997 kí Porkka-Heiskanen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ̀n ọ́n nínú ọpọlọ àwọn ológbò tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn, tí wọ́n rí i pé bí wákàtí ti ń gorí wákàtí ni ó ń pọ̀ sí i ní ìsàlẹ̀ iwájú ọpọlọ wọn, àti pé nígbà tí a fún àwọn ẹranko náà láyè láti sùn ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Ara ń béèrè ohun tí í ṣe tirẹ̀. Ìyá àgbà kò ka ìwé kankan. Èmi kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí ń sọ pé àwọn baba wa ti mọ ohun gbogbo kí òyìnbó tó dé, irọ́ adùn-ún-gbọ́ ni mo ka ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, ẹni tí ó bá sì ti bá ara gbé fún ọgọ́rin ọdún lè mọ ìwà rẹ̀ bí a ti í mọ ìwà ìyàwó ilé, láìmọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ.

Ẹni tí ó bá wọ ọjà Agbálátá yóò rí àwọn olóbì. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò ṣí ewé kúrò lójú agbọ̀n, yóò mú obì lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò yí i po lábẹ́ oòrùn láti wo bí kòkòrò bá ti lù ú, èyí tí ó bá sì rí àpá kékeré lára rẹ̀ yóò fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsọ̀rọ̀, nítorí pé obì tí kòkòrò ti wọ̀ a máa ran ìyókù. Àbàtà wà níbẹ̀, tí awẹ́ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin, èyí tí àwọn babaláwo àti àwòrò òrìṣà ń dà wò. Gbànja wà níbẹ̀, aláwẹ́ méjì, tí ó ń ti Àgége àti Ṣágámù rìn lọ sí ìlú Hausa láti ayé ìgbà tí àwọn bàbá wa ti mọ̀. Ohun kan náà ni ó wà nínú méjèèjì tí ó ń dá oorun lójú ẹni, òun náà ni Runge, ọmọ Jámánì, yọ jáde nínú kọfí ní 1819 nígbà tí akéwì Goethe fún un ní ẹ̀kún ọwọ́ èso kọfí pé kí ó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Caffeine ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ jọ ojú adenosine bí Táíwò ti jọ Kẹ́hìndé, àga sì ni afọ́jú tí kò mọ ìbejì yà sọ́tọ̀, nítorí náà caffeine a máa wá jókòó sórí A1, a máa jókòó sórí A2A, ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kankan tí a rán an. Ó kàn jókòó ni. Ológò dé, kò rí ibi fi ìdí lé. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan fi caffeine fún àwọn eku tí wọ́n ti sìn tí wọn kò fi ní àga A2A lára rárá, caffeine náà kò sì lè dá oorun lójú wọn: ibi tí kò sí àga, ajókòó kò níṣẹ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí olùkàwé dúró díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé obì ń fúnni ní agbára. Obì kò san kọ́bọ̀ kan nínú gbèsè náà. Àwọn ológò kò padà sílé. Ìta ni wọ́n dúró sí, tí wọ́n ń pọ̀ sí i, nítorí pé onílé kò tíì yé ná owó. Lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí márùn-ún, ìdajì caffeine tí a jẹ ni ó ń kù nínú ara àgbàlagbà, àga bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo, gbogbo àwọn tí ó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà sì wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ti fi obì lé oorun títí di ìdájí mọ bí ìwọlé wọn ti í rí. Bí ó bá sì sọ ọ́ di ojoojúmọ́, ọpọlọ yóò ṣe ohun tí onílé ọlọ́gbọ́n kì bá ṣe: yóò gbẹ́ àga sí i. Ewé ti pẹ́ lára ọṣẹ nìyẹn. Ọjọ́ tí kò bá sí obì, orí fífọ́ ni yóò wá sọ fún un pé àga pọ̀ nínú ilé rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yemen, ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún ó lé sẹ́yìn, àwọn Súfì ni ó mú kọfí mímu di àṣà, kí wọ́n lè dúró ti ìrántí orúkọ Ọlọ́run lóru. Nígbà tí ó fi di 1511, ní Mẹ́kà, àwọn aláṣẹ kan pe àwọn onímọ̀ jọ, wọ́n sì ní èèwọ̀ ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kò pẹ́ láyé. Ìbéèrè tí ó wà lábẹ́ ìjà náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Bí obì ni ó bá mi ṣe àìsùn, ta ni a ó kọ àìsùn náà sí lọ́rùn lọ́run, èmi ni tàbí obì? Mo ti bi àwọn àlùfáà mélòó kan. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn sọ pé obì jẹ́ ohun òrìṣà, kò yẹ kí ó dé ibi ìsìn, ó sì sọ èyí pẹ̀lú ìgò mínírà dúdú tútù lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pò ní Atlanta ní 1886, tí wọ́n fi obì wa yìí sọ ní orúkọ, tí caffeine sì wà nínú rẹ̀ títí di òní. Èmi kò sọ nǹkan kan. Mo ra ọ̀kan pẹ̀lú.

Ìbéèrè náà ì bá jẹ́ eré lásán bí ó bá jẹ́ pé oorun nìkan ni àga wọ̀nyí ń ṣàkóso. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn dé ibi tí a ti ń sunkún. Wo wárápá, àrùn tí ó ti mú kí a so ọ̀pọ̀ ọmọ mọ́lẹ̀, tí ó mú kí aládùúgbò má fẹ́ bá ènìyàn jẹun nínú àwo kan. Nígbà tí ó bá dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ń pariwo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ọjà tí iná ṣẹ́ lé lórí. Ní 1992, During àti Spencer wọn adenosine nínú ọpọlọ àwọn aláìsàn tí wárápá ń mú, wọ́n rí i pé bí ìjì náà ti ń jà ni adenosine ń ru gùdù sókè, ó sì dúró sókè lẹ́yìn tí ìjì náà parí. Lójú wọn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé òun ni ó ń pa ariwo náà lẹ́nu mọ́, tí kì í sì í jẹ́ kí òmíràn tètè tẹ̀ lé e. Ẹ rántí bí ẹni tí wárápá bá ti fi sílẹ̀ ti í sùn fọnfọn lórí ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn tí ó yí i ká ń kígbe pé kí ẹ̀mí àìmọ́ jáde, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé olùgbàlà tí wọ́n ń pè ti dé tipẹ́tipẹ́, tí ó ti jókòó sórí A1, tí ó ń bẹ ilé náà kí ó dákẹ́. Ológò kan náà tí ó mú kí wọ́n fi pàṣán kàn mí léjìká ni.

Àrùn ara-gbígbọ̀n ńkọ́, èyí tí wọ́n fi orúkọ James Parkinson pè, oníṣègùn Lọ́ńdọ̀nù tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1817? Ní ibi ìṣàkóso ìrìn nínú ọpọlọ, àga A2A wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga dopamine, èkínní ń fa okùn sẹ́yìn, èkejì ń fà á síwájú. Bí dopamine bá dín kù, ẹni tí ń fà á sẹ́yìn nìkan ni ó kù lórí pápá, bàbá tí ó ti ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ láti èwe kò sì ní lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ mọ́. Nínú àwọn ọkùnrin 8,004 tí wọ́n tọ́jú ìtàn ìlera wọn ní Honolulu fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2000, àrùn yìí wọ́pọ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún láàárín àwọn tí kì í mu kọfí rárá ju àwọn tí ń mu ún jù lọ. Kì í ṣe ẹ̀rí pé kọfí ni ó gbà wọ́n, nítorí pé ẹni méjì lè jọ rìn láìjẹ́ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ṣùgbọ́n Japan ti fọwọ́ sí oògùn kan, istradefylline, ní 2013, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2019. Gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó lọ jókòó sórí A2A, bíi ti caffeine.

Èyí tí ó mú mi lọ́kàn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa gbàgbé láti mí. Ó wà níbẹ̀, ó kéré ju ẹja epìyà lọ, àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, lójijì kò lọ síbì kankan mọ́, nọ́ọ̀sì yóò fi ìka tọ́ ọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ kí ó tó rántí. Adenosine wà nínú ohun tí ń dẹ èémí rẹ̀ lára bẹ́ẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń fún un ni caffeine, ní ìwọ̀n tí ọwọ́ dókítà nìkan ni ó mọ̀ ọ́n wọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi obì kan ọmọ lẹ́nu o. Ní 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí wọ́n fi ọmọ tí ó lé ní 2,000 ṣe, tí kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìwọ̀n rẹ̀ ju kílò kan àti ìdámẹ́rin lọ nígbà tí wọ́n bí i, a sì rí i pé àwọn tí ó gba caffeine tètè kúrò lórí ẹ̀rọ amúnimí, ẹ̀dọ̀fóró wọn sì dára ju ti àwọn ìyókù lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbi ìkómọ, àwọn àgbà a máa gbé obì sókè, wọn a fi orúkọ rẹ̀ ṣeré, pé kí ó bi ikú sẹ́yìn. Èmi tí mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré kò mọ̀ pé ọjọ́ kan yóò wà tí wọn yóò fi ohun inú obì bi ikú sẹ́yìn ní tòótọ́, nínú ilé gíláàsì kékeré, lára ọmọ tí wọn kò tíì sọ lórúkọ. Èdè wa sì tún ti dé ibẹ̀ ṣáájú, nítorí pé èémí àti ẹ̀mí, ta ni ó lè fa ìlà sáàárín wọn? Àgbádárìgì wa yìí ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ní oṣù kìíní ọdún 1845, tí ó gbé títí di ọdún kejì kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí yóò fi èdè wa túmọ̀ Bíbélì ti ní láti dúró pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn, tí ariwo òkun sì ń mí níwájú ilé.

Ẹni tí ó bá ti ka èyí dé ìhín yóò fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ parí: kò sí ẹ̀mí, kò sí ọkàn tí ń ṣọ́nà, àga àti ajókòó ni gbogbo rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kàwé, ohùn wọn sì jọ ti aṣíwájú wa ọjọ́ àná ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ, nítorí pé òun náà rò pé bí òun bá ti mọ ohun tí ó mú mi sùn, òun ti mọ̀ mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Zàngbétò, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Ègùn ń tọ́ka sí òru, tí àwọn kan túmọ̀ sí ẹni òru, tí àwọn mìíràn ní ọdẹ òru ni, ni ó ń ṣọ́ ìlú wa kí ọlọ́pàá tó dé. Òru kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n olè mọ Zàngbétò. Lọ́jọ́ ọdún, yóò jáde ní ọ̀sán gangan, òkìtì koríko gíga tí a pa ní oríṣiríṣi àwọ̀, yóò máa yí bìrí bìrí títí eruku yóò fi bo ìlù mọ́lẹ̀. Nígbà tí ó bá sì dúró, àwọn tí ń tọ́ ọ yóò dojú rẹ̀ dé níwájú gbogbo ènìyàn, kí ayé lè wo inú rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Iyanrìn ni. Mo sáré tọ ìyá àgbà lọ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i.

“Ìyá àgbà, kò mà sí ènìyàn nínú rẹ̀!”

“Ṣé o sùn lánàá?”

“Mo sùn, mà.”

“Ṣé olè jà wá?”

“Rárá, mà.”

“Kí ni o wá ń béèrè?”

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Àwọn onímọ̀ ti dojú ọpọlọ dé, wọ́n fi inú rẹ̀ hàn wá, àga ni a rí, a kò rí olùṣọ́. Èmi kò sì bá wọn jiyàn, nítorí pé òtítọ́ ni wọ́n sọ. Àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ni láti rò pé inú ni ó yẹ kí a ti bá olùṣọ́. Ìṣọ́ kì í ṣe nǹkan tí ń gbé inú ẹnìkan bí ọmọ èkùrọ́ ti ń gbé inú èkùrọ́ àìpa. Ohun tí ẹnì kan ń ṣe nítorí ẹlòmíràn ni. Bàbá àgbà jẹ obì, ó jáde, ilé sùn. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí a ó kọ àìsùn náà sí lọ́rùn, kí a má wo ẹnu rẹ̀ tí ń jẹ obì, kí a wo àwọn tí ó sùn nítorí rẹ̀. Lójú tèmi, ìdí nìyí tí Onísáàmù, nígbà tí ó fẹ́ sọ ohun tí ó ya Ọlọ́run sọ́tọ̀ sí wa, fi mẹ́nu ba pé Ẹni tí ń pa ènìyàn mọ́ kì í tòògbé. Kùránì náà sọ nínú Áyátù-l-Kúrúsí pé òògbé kì í mú Un, oorun kì í mú Un. Ọ̀yígíyigì, Ọba àìkú, Atẹ́rẹrẹ-kárí-ayé! Gbogbo ohun tí ó ní ara ní ń ná owó, gbogbo ẹni tí ń ná owó ni ológò mọ ilé rẹ̀. Òun nìkan ni kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹni tí ó bá fi àìsùn rẹ̀ ṣe fọ́ńté pé òun ti borí ara kò tíì mọ ẹni tí òun ń bá du oyè.

Ní àìsùn ọdún tí ó kọjá, mo wà ní etí òkun kan náà. Àwọn igi àgbọn ti dín kù, òkun ti jẹ díẹ̀ nínú ilẹ̀ wọn. Ọmọdékùnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga gígùn, mo sì ń wo bí àwọn ológò ti ń wọlé tọ̀ ọ́ wá lọ́kọ̀ọ̀kan: ojú kọ́kọ́ wúwo, ọrùn rọ̀, orí ṣubú síwájú, ó ta gìrì, ó wò yíká bóyá ẹnì kan rí i, orí tún ṣubú. Níkẹyìn ó sùn mọ́ mi lápá. Mo bọ́ agbádá, mo ká a sí ìlọ́po mẹ́rin, mo fi í sábẹ́ orí rẹ̀. Nígbà tí aṣíwájú ìsìn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo kọ́ ní ìwé nígbà kan, ń fi tọ́ọ̀ṣì wo àárín wa bọ̀, mo gbé ìka sétè. Ó dúró. Ó wo ọmọ náà, ó wò mí. Mo fa awẹ́ obì kan yọ nínú àpò, mo nà án sí i.

Ó ní, “Ẹ ṣé, tíṣà,” ó pa tọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sí apá kejì ọmọ náà.